Yanrìn Inú Bàtà Mi

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ewì ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Mo ti gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ ewì nípa aṣálẹ̀ Nàmíbíà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fa ìwé ya. Bí mo bá ti kọ ìlà mẹ́rin báyìí, òṣùpá á ti yọ, yanrìn á ti máa dán bíi góòlù, gbogbo ibẹ̀ á sì ti pa lọ́lọ́. Irọ́ gbáà ni. Ibẹ̀ ò pa lọ́lọ́ rárá. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń ké bíi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní 2022, nígbà tí ilé ìwé wà ní títì, tí oníkálukú jókòó sílé tó ń ka igi àjà, àbúrò ìyá mi tó wà ní Nàmíbíà ní kí n máa bọ̀. Ọkọ wọn ń ṣe olùkọ́ ní Keetmanshoop, ìlú kan ní apá gúúsù ilẹ̀ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn gbọ́mọ. Àwọn ni wọ́n san owó bàálù. Inú mi dùn débi pé n ò bèèrè nǹkan kan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo dì sínú báàgì, aṣálẹ̀ kẹ̀, àbí oòrùn kọ́ ló wà níbẹ̀? Oṣù keje ni mo débẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, òtútù ń mú ní aṣálẹ̀! Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fi ń sùn.

Kí n tó kúrò nílé, mo lọ dágbére fún bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi àti Àǹtí. Gbogbo àwa ọmọ-ọmọ la mọ̀ pé Bàbá gbé Gánà rí, nítorí bí inú bá ń bí wọn, èdè Twi ni wọ́n fi ń bú èèyàn. Ohun tí a ò mọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. A rò pé òwò ni, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ Nàmíbíà, Bàbá yọ igi orín lẹ́nu.

"Ibi tí dáyámọ́ńdì ti wà lórí yanrìn."

Ẹnu yà mí. Ọjọ́ náà ni Bàbá kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọdún mẹ́tàlá gbáko ni àwọn fi gbẹ́ kòtò ní Akwatia, létí odò Birim, tí àwọn ń fi ajọ̀ fọ òkúta wẹ́wẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn ń wá dáyámọ́ńdì. Wọ́n ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé ilẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, tí èèyàn kì í gbẹ́ kòtò rárá, pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣà á bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Bàbá ò gbà wọ́n gbọ́.

"Àṣàkẹ́, bu yanrìn ibẹ̀ díẹ̀ bọ̀ fún mi, kí n fi ojú ara mi rí i."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo rò pé nǹkan kékeré ni.

Láti Keetmanshoop sí Lüderitz, ìlú etí òkun tí à ń lọ, lé ní kìlómítà 330. Ilẹ̀ gbẹ, òkè kéékèèké, wáyà fẹ́ǹsì, kò sí èèyàn. Ọmọ sùn, Àǹtí náà sùn. Nígbà tí a kọjá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Aus ni ojú mi tó là. Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa tó jẹ́ pé n ò mọ ibi tó parí sí. Mo rí ẹṣin tí kò ní olówó, wọ́n dúró sínú atẹ́gùn wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ní ọwọ́ òsì wa, pátákó ń tẹ̀lé pátákó: ẹ má wọlé, ẹ má wọlé. Orúkọ tí àwọn Jámánì fún apá ibẹ̀ ni Sperrgebiet. Ilẹ̀ èèwọ̀ ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí. Àwa náà ní igbó èèwọ̀ nílé, ṣùgbọ́n òrìṣà ló ń ṣọ́ tiwa. Ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ dáyámọ́ńdì ló ń ṣọ́ tiwọn. Oṣù kẹsàn-án 1908 ni ìjọba Jámánì pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ mọ́. Ní 2008, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba Nàmíbíà sọ ọ́ di ọgbà ìjọba, níbi tí a ti ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko. Tsau ǁKhaeb ni wọ́n ń pè é báyìí, orúkọ èdè àwọn Nama, tó túmọ̀ sí ilẹ̀ tí yanrìn rẹ̀ jìn. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é o. Wọ́n kọ́ mi, ahọ́n mi kọ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èèwọ̀ yìí ṣe ewéko lóore. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè wọ ibẹ̀ da ẹran tàbí kọ́lé, oríṣi ewéko tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀ tó ń dàgbà jẹ́jẹ́. Ẹ má wá igi o. Àwọn nǹkan kéékèèké tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, ewé wọn ki, ó kún fún omi bí ewé ọ̀dúndún. Òjò díẹ̀ tó ń rọ̀ nígbà òtútù àti ìkùukùu tó ń wá láti orí òkun ni wọ́n ń mu. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá títì kí n lè rí òdòdó kan dáadáa. Àǹtí ní ṣé orí mi pé.

Mo fẹ́ mọ bí dáyámọ́ńdì ṣe dé orí yanrìn, nítorí mo mọ̀ pé Bàbá yóò bi mí. Àárín gbùngbùn Gúúsù Áfíríkà lọ́hùn-ún ni àwọn òkúta náà ti wá, láti inú ilẹ̀ tó jìn. Ọ̀gbàrá fọ ilẹ̀ ibẹ̀ fún àìmọye ọdún, odò Orange sì kó wọn lọ da sínú òkun. Òkun wá ń tì wọ́n lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun, ó ń dà wọ́n sí èbúté, atẹ́gùn tí mo bú lẹ́ẹ̀kan sì ń gbá yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lórí wọn. Gbogbo iṣẹ́ ajọ̀ tí Bàbá fi ọwọ́ ṣe ní Akwatia, atẹ́gùn ni ó ń bá wọn ṣe é níbí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ń jẹ́ Zacharias Lewala. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Atẹ́gùn máa ń da yanrìn bo ojú irin tó lọ sí Lüderitz, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fi ṣọ́bìrì kó o kúrò. Ó ti ṣiṣẹ́ dáyámọ́ńdì rí ní Kimberley, nítorí náà ojú rẹ̀ mọ ohun tó rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 1908, nítòsí ibùdó kan tó ń jẹ́ Grasplatz, ó ṣa òkúta kan, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch fi òkúta náà ha gíláàsì aago rẹ̀, gíláàsì sì ha. Ọ̀gá ò pariwo. Ó lọ gba ìwé àṣẹ ilẹ̀, ó fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀, ó di olówó rẹpẹtẹ. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1914, wọ́n ti kó bíi mílíọ̀nù 5 kárátì nílẹ̀ náà. Bí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n, bíi 1,000 kìlò nìyẹn. Lewala ò gba nǹkan kan. Stauch náà pàdánù owó rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní òtòṣì ní Jámánì ní 1947. Àwọn kan máa ń sọ èyí bí ẹni pé ó ti dọ́gba. Kò dọ́gba. Ẹnì kan ní i kó tó pàdánù rẹ̀.

Ojú irin yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí a tó rí dáyámọ́ńdì kankan, láti 1904 ni àwọn Jámánì ti ń pa àwọn Herero, lẹ́yìn náà àwọn Nama. Wọ́n kó àwọn tó kù sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní Shark Island, ní Lüderitz gan-an. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí ni wọ́n kó lọ la ọ̀nà rélùwéè náà. Nínú 2,014 tí wọ́n lò láàárín oṣù kìn-ín-ní 1906 sí oṣù kẹfà 1907, 1,359 ló kú. Ní 2021 ni ìjọba Jámánì tó fẹnu ara rẹ̀ pè é ní ìpẹ̀yàrun. Mo dúró ní Shark Island fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí wọ́n ń pàgọ́ ìgbafẹ́ sí ni mo bá níbẹ̀. N ò lè dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kolmanskop ni ibi tí gbogbo èèyàn ń lọ wò, kò jìnnà sí Lüderitz. Ìlú ni tẹ́lẹ̀, inú ọgbà ìjọba náà ló wà. Wọ́n fi owó dáyámọ́ńdì kọ́ ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ijó, ilé iṣẹ́ yìnyín. Nínú aṣálẹ̀! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé yìnyín dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé apá Áfíríkà yẹn. Kì í ṣe nítorí egungun tó kán nìkan ni wọ́n ṣe rà á o. Wọ́n ń fi wo inú òṣìṣẹ́, bóyá ó gbé dáyámọ́ńdì mì. Ní 1928 wọ́n rí òkúta tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ nítòsí ẹnu odò Orange, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, nígbà tó fi máa di 1956 kò ku ẹnì kan. Yanrìn wá wọlé. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó kún yàrá bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n rọ sínú abọ́, ó mú àwọn ilẹ̀kùn dání, wọn ò lè ṣí, wọn ò lè tì. Kí n má purọ́, ó rẹwà. Mo ya fọ́tò títí bátìrì fi kú.

Wọ́n kọ ọ́ sí ara àwọn ilé: ti dókítà nìyí, ti olùkọ́ nìyí, ti ayàwòrán ilé nìyí. Nígbà ayé ìlú náà, bíi 300 àgbàlagbà Jámánì ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ọmọdé 40 àti òṣìṣẹ́ Owambo 800 tí wọ́n ń kó wá láti àríwá. Mo bi obìnrin tó ń mú wa káàkiri, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, pé ilé àwọn 800 yẹn ńkọ́. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ìlú. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò níbẹ̀.

Mo ní ọ̀rá kan nínú àpò. Nígbà tí àwọn yòókù ṣíwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Bí mo ṣe gbójú sókè, obìnrin náà ń wò mí.

"Níbí, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni a máa ń wò."

Ojú tì mí gan-an. Ó ti sọ fún gbogbo wa lẹ́nu ọ̀nà pé a ò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan níbẹ̀, ìbáà ṣe òkúta wẹ́wẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún un, àti ti Akwatia. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní bàbá àgbà òun náà bá wọn ṣa òkúta nílẹ̀ yìí, pé ṣe ni wọ́n máa ń tò wọ́n ní ìlà, tí wọn á máa fi orúnkún rìn. Ó ní bí òun bá bi wọ́n, òtútù nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dà á sílẹ̀." Mo dà á sílẹ̀. Atẹ́gùn gbé e kó tó délẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, bàtà tí mo wọ̀ lọ sí Kolmanskop ni mo wọ̀ lọ kí Bàbá. Mo dọwọ́ bo orí, mo jẹ́wọ́ pé n ò rí yanrìn mú bọ̀. Bàbá wo ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ bàtà yẹn."

Wọ́n ní kí n gbé àwo tánganran funfun kan wá. Wọ́n fa ìdí inú bàtà yọ, wọ́n gbá a mọ́ etí àwo lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tó jáde ò tó ṣíbí kan. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ, wọ́n ń yí àwo náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá fẹ́ gbé ife. Mo ń ròyìn fún wọn bí wọ́n ṣe ń wá a. Mo dé ibi tí Lewala ti gbé òkúta fún ọ̀gá rẹ̀.

"Èló ni wọ́n fún un?"

"Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀, Bàbá."

Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, ní oṣù kọkànlá 1969, àwọn náà ní òkúta kan, ó tó ẹyọ ẹ̀wà. Àwọn gbé e fún ọkùnrin kan tí àwọn fọkàn tán pé kó bá àwọn tà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí àwọn padà lọ sílé ọkùnrin náà, kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì kan ni àwọn gbé wálé, àti ìyá àgbà tó lóyún ìyá mi.

"Kí lẹ pe orúkọ rẹ̀?"

"Zacharias Lewala."

"Sakaráyà," ni Bàbá wí. Wọ́n tún fi àtàǹpàkò tẹ́ yanrìn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Kò sí nǹkan nínú eléyìí." Wọ́n dà á sí ìdí igi ọsàn, wọ́n sì ní kí n lọ fọ àwo náà dáadáa, kí n fi bu oúnjẹ wá fún àwọn.