Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Omi Tí Ó Kù Nínú Àgbá

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye omi tí ó kù nílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn yóò dójú tì í.

Ní ilẹ̀ Kétu níbí, omi inú ilẹ̀ jìn púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè gbẹ́ kànga. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ́ kí omi òjò ṣàn láti orí páànù wọ inú àgbá ńlá tí a fi sìmẹ́ńtì mọ. Bí òjò bá dá ní oṣù kọkànlá, omi inú àgbá yìí ni a óò máa mu títí òjò yóò fi padà ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin.

Tẹ́lẹ̀ rí, igi ni a fi ń wọn omi wa. A óò ṣí ọmọrí àgbá, a óò ki igi bọ̀ ọ́, a óò wo ibi tí igi tutù dé. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ìdọ̀tí ara igi ń bọ́ sínú omi mímu. Ẹ̀fọn ń wọlé lọ yé ẹyin síbẹ̀. Aláǹgbá lè jìn sí i. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọdé lè yọjú wò ó, kí ó sì ṣubú sínú omi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní Àjàṣẹ́ ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò wá, rọ́bà tuntun tí epo mọ́tò kò kàn rí. Ó so òkúta kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀ kan, ó sì sọ ọ́ sínú àgbá títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kan ilẹ̀. Ó fa ẹnu kejì jáde, ó fi bọ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ̀rọ náà ń wọn agbára tí atẹ́gùn fi ń tì. Nọ́ńbà sì ń yọ lójú gíláàsì kékeré tí a so mọ́ ọn.

Ẹ ó bi mí pé: omi ni a fẹ́ wọn, kí ni ti atẹ́gùn níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi wúwo. Ẹni tí ó bá ti ru omi rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe máa tẹ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó. Atẹ́gùn ti wà nínú rọ́bà kí a tó sọ ọ́ sómi. Omi fẹ́ wọ inú rọ́bà láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò rí ọ̀nà jáde lókè. Bí omi ti ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ti ẹ̀rọ. Atẹ́gùn di ìránṣẹ́. Iṣẹ́ tí omi rán an nísàlẹ̀ ni ó ń jẹ́ fún wa lókè.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ dojú ife dé sínú garawa omi, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Omi kò ní kún inú ife náà. Ẹ óò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ohun kan ń tì yín padà.

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1663, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fi hàn pé jíjìn omi ni a ń wò, kì í ṣe fífẹ̀ àgbá. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe òṣùwọ̀n náà títí di òní. Omi tí ó jìn ní 1 sẹ̀ǹtímítà ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 98 pascal. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń fọ aṣọ ni ó ń lo irú rọ́bà yìí láti mọ ìgbà tí omi tó.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè lo pákó. Ẹ wá pákó tí ó ga ní 2 mítà ààbọ̀, kí ẹ gbé e ró. Ẹ tẹ rọ́bà tí ó mọ́ gaara sára rẹ̀ bíi lẹ́tà U. Ẹ da omi aláwọ̀ sínú rẹ̀ dé ìdajì. Ẹ so apá kan mọ́ rọ́bà inú àgbá, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Omi aláwọ̀ yóò lọ sílẹ̀ ní apá kan, yóò sì gòkè ní apá kejì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni jíjìn omi inú àgbá, láti ẹnu rọ́bà lọ sókè.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Atẹ́gùn a máa wú nígbà ooru, a sì máa sún kì nígbà òtútù. Díẹ̀díẹ̀ sì ni ó ń dín kù nínú rọ́bà. Nítorí náà, kí ẹ tó ka nọ́ńbà, ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ẹ óò fi gbọ́ gùdù-gùdù nínú àgbá. Bí ẹ bá fi ipá fẹ́ ẹ, omi aláwọ̀ yóò tú dànù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àgbá wa rí roboto, ó sì fẹ̀ ní 2 mítà. Ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1. A ní 1 × 1 × 3,14. Nítorí náà, omi 1 sẹ̀ǹtímítà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 31 lítà. Bí ó bá kún, òṣùwọ̀n a ka 200, èyí tí ó jẹ́ 6 280 lítà. Àwa 8 ni a wà nílé. Bí olúkúlùkù bá ná 20 lítà lóòjọ́, omi náà kò ní pé ogójì ọjọ́ tí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi omi àgbá sílẹ̀ fún mímu àti sísè nìkan, 5 lítà fún ẹnì kan, yóò lò ju oṣù 5 lọ. Ohun tí a yàn nìyẹn. Omi wa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 9 sẹ̀ǹtímítà lọ́sẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní oṣù kìíní ọdún kan, omi lọ sílẹ̀ ní 26 nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé dàrú. Àwọn kan ní ìyàwó àbúrò mi ni ó ń fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ lómi. Ọmọbìnrin náà sọkún, kò sì jẹun. Mo sọ fún wọn pé kí a wọn omi ná kí a tó dá ẹjọ́. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, mo ka nọ́ńbà lójú gbogbo ilé, mo kọ ọ́ sílẹ̀. A fi àgádágodo ti ẹnu ẹ̀rọ omi, Ìyá wa sì mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, a tún fẹ́ atẹ́gùn, a tún kà á. Ó ti lọ sílẹ̀ ní 1 sẹ̀ǹtímítà. Lítà 31 ti lọ, kò sì sí ẹni tí ó fọwọ́ kan omi.

A wá ìdí àgbá káàkiri. A rí ibi tí ó sán lẹ́yìn, tí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ìyá wa pe ọmọbìnrin náà, ó ní: “Ìyàwó mi, má bínú. Àgbá ni ó ń jalè, kì í ṣe ìwọ.” Àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn án bẹ̀ ẹ́. A gbọ́n omi sínú àwọn agolo àti ìkòkò, mọlémọlé sì fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí ó sán. Lẹ́yìn náà, omi tún padà sí 9 lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ rí i pé ìwé tí a kọ nọ́ńbà sí ni ó gba ọmọlọ́mọ sílẹ̀. Bí a kò bá wọn nǹkan, ẹnu ni a óò máa fi ṣèdájọ́. Ẹ wọn omi yín ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí: bí òṣùwọ̀n àgbá yín bá ka 90 lónìí, tí ilé yín sì ń ná 9 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó ni omi yín yóò lò? Ǹjẹ́ òjò yóò ti dé nígbà náà?