Nígbà tí Orí Akẹ́kọ̀ọ́ bá Gbóná

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní brain fag. Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ló ti rí i. Bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, orí a máa gbóná, a máa rìn wọ́n bí ẹni pé kòkòrò wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kà kò sì ní yé wọn mọ́. Prince rò pé ara ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ àdáṣe ni ìwé kíkà, bẹ́ẹ̀ agbo ilé ni a ti tọ́ àwọn ọmọ náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn; àmọ́ ó ṣòro kí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkìrun gbọ́ àpèjúwe yìí kó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlú náà, òun ni àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú ilé bàbá rẹ̀. Owó èsúsú ni ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ, fi san owó ilé-ìwé. Ní ọdún kẹta, oorun dá lójú rẹ̀. Bí ìyá bá pè é lórí fóònù, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi, dáadáa ni mo wà." Ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ pé ìwé kò wọlé mọ́? Ìgbà tó rù wálé ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n wádìí ẹni tó ń lépa rẹ̀; pásítọ̀ ní kó gba ààwẹ̀; ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó lọ bá kóòṣì.

Kóòṣì yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ní Amẹ́ríkà ni Thomas Leonard ti dá ẹgbẹ́ wọn, International Coach Federation, sílẹ̀ ní 1995. Wọn kì í fúnni lóògùn. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń bi ènìyàn: kí ni o ń fẹ́, kí ni o lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ni yóò dí ọ lọ́wọ́? Ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ bí yóò ti pín ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù nítòsí Ìkìrun, tó sì tẹ ìwé jáde lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn bí orí ẹni tí a ń kì ṣe máa ń wú. Ṣùgbọ́n oríkì a máa di ẹrù pẹ̀lú: ọmọ akin kì í ṣubú, nítorí náà ọmọ akin kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun.

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ "kóòṣì" sára pátákó kó sì máa gbowó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń wí lábẹ́nú pé ikú yá ju ẹ̀sín (òwe tó yẹ kí a máa ṣọ́ ọ pa níwájú ọmọ ilé-ìwé), dókítà ni ọ̀ràn rẹ̀ kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè ayé àwọn amúnisìn, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, wèrè ni gbogbo rẹ̀ ṣì ń jẹ́. Ohun tó ń ba ọmọ náà lẹ́rù jù lọ nìyẹn.

Orí ṣe é, kóòṣì tó bá pàdé mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló bi í léèrè oorun, ó gbọ́ ìdáhùn, ó dá owó rẹ̀ padà, ó sì ní kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e lọ. Ó kì í lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fo ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ọmọ akin.