Ọtí Àjàrà Funfun Ti Ìgbèríko Nantes

Bí ìgbéyàwó tàbí Kómúníò àkọ́kọ́ bá ń bọ̀, ìbéèrè kan a máa da ilé rú: irú ọtí àjàrà wo ni a ó rà tí ojú kò ní tì wá, tí a kò sì ní jẹ gbèsè? Ìbéèrè yìí wà lọ́kàn wa nígbà tí a dé Nantes, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Loire ti súnmọ́ òkun.

A kọrí sí gúúsù ìlà-oòrùn, nǹkan bí kìlómítà 25, títí dé Vallet. Odò méjì, Sèvre àti Maine, ni wọ́n fi sọ àgbègbè náà lórúkọ. Oko àjàrà ni lọ́tùn-ún, oko àjàrà ni lósì. Muscadet ni wọ́n ń pe ọtí wọn. Ní ọdún 1709, òtútù líle pa púpọ̀ nínú àjàrà wọn. Irú kan tí ó ti Bourgogne wá, tí à ń pè ní Melon, ni ó fara dà á. Òun ni wọ́n gbìn káàkiri, òun náà ni wọ́n ń lò títí di òní.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ka ara ìgò dáadáa. «Sèvre et Maine» fi hàn pé àgbègbè yìí ni ó ti wá. Láti 1936 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ náà. «Sur lie» túmọ̀ sí pé orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà rẹ̀ ni ọtí náà wà ní gbogbo ìgbà òtútù kí a tó rọ ọ́ sígò. Ẹni tí ó bá ka wòlíì Aísáyà, orí 25, yóò rántí pé irú ọtí bẹ́ẹ̀ wà nínú àsè tí Olúwa yóò sè fún gbogbo ènìyàn.

A bu díẹ̀ sínú ife. A wò ó: ó mọ́ gaara. A gbọ́ òórùn rẹ̀: ó jọ ti ọsàn wẹ́wẹ́. A mu díẹ̀, a yí i ká ẹnu: kò dùn bíi ṣúgà, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta ahọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Muscat o. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, òmíràn nínú rẹ̀ a sì máa dùn gan-an.

Ìgò púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà kò tó yúrò 10, èyíinì ni nǹkan bí fáránkì sẹ́fà 6,560. Owó ọkọ̀ àti ti ibodè yóò gun orí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí a kọ Clisson, Gorges tàbí Le Pallet sí lára wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó pẹ́ jù lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Fún àsè wa, èyí tí kò wọ́n náà tó. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì fi ẹja yíyan tì í.

Ẹ mu ún níwọ̀n. Ayọ̀ ni Olúwa wa fi kún ilé tọkọtaya ní Kánà, kì í ṣe gbèsè.