Nígbà Tí Oúnjẹ Kò Gba Ọ̀fun Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lóde òní, orúkọ pòròtéènì p53 ti mọ́ yín lẹ́nu bí orúkọ ará ilé. Nígbà tí èmi dé Alma-Ata ní Kazakhstan láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni mò ń wí. Kazakhstan ṣì wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, ìjọba yẹn ló sì ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ wa.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni àìsàn tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, n kò rí ẹni tó ní in rí, nítorí kò wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Kazakh, pàápàá ní Guryev létí Òkun Kásípíà, tí wọ́n ń pè ní Atyrau báyìí, ó ń jà gan-an. Agbègbè tó ti ń jà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àríwá Ìránì, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Turkmen àti Kazakh kọjá, ó sì wọ Ṣáínà títí dé Linxian ní Henan.

Mo rántí bí àwọn àgbàlagbà tó ní in ṣe máa ń ròyìn rẹ̀. Ẹran ni yóò kọ́kọ́ máa há, lẹ́yìn náà búrẹ́dì. Tó bá yá, wàrà àti omi ẹran nìkan ló kù tó ń lọ. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gun ẹṣin lórí pápá yóò rù débi pé aṣọ kò dúró lára rẹ̀ mọ́. Kò sì ní tètè wá, torí kì í dùn ún ní ìbẹ̀rẹ̀. A ó fún un ní omi funfun kan mu, a ó fi ẹ̀rọ X-ray wo bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, a ó sì rí ibi tí ọ̀nà ti fún. Nígbà míì, àwọn oníṣẹ́ abẹ a gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n a fa àpòlúkù sókè wá so mọ́ ìyókù. Fún ọ̀pọ̀ wọn, ó ti pẹ́ jù.

Tíì ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Kazakh kì í bu tíì kún àwo fún àlejò. Díẹ̀ ni ìyá ilé ń bù, kí ó lè máa gbóná, kí ó sì rí àyè bù sí i. Mo mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń fún mi. Ọdún 2016 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon, kéde pé ó ṣeé ṣe kí ohun mímu tó gbóná ju ìwọ̀n 65 Celsius lọ máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló fara sin fún wa. A rí i pé ẹran ara ti bàjẹ́, a kò rí ohun tó bà á jẹ́. Ọdún 1979 ni wọ́n rí pòròtéènì p53. Ní 1990, wọ́n rí i pé jíìnì rẹ̀ sábà máa ń bàjẹ́ nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá sẹ́ẹ̀lì tí DNA rẹ̀ fara pa dúró, kó má pín mọ́. Bí jíìnì náà bá bàjẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, pòròtéènì tó ń jáde kì í ṣiṣẹ́, kì í sì tètè tú ká, ni yóò bá máa kó jọ. Bí wọ́n bá lo aró tó ń fi í hàn, àárín sẹ́ẹ̀lì a di àwọ̀ ilẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé pípọ̀ rẹ̀ ni àmì pé ẹ̀ṣọ́ kò sí mọ́.

Àwọn onímọ̀ ní Xinjiang, ní Ṣáínà, ń wo irú pòròtéènì báyìí lára àwọn Kazakh tó ń gbé ní Ili, Tacheng àti Altay, tí àìsàn náà ń pa ju àwọn Uyghur aládùúgbò wọn lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ka iṣẹ́ wọn.

Ohun kan ló ń dùn mí: lára ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti dí ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú ẹran ara tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni Dókítà Shen Qiong ní Henan ti ṣe bàlúùn kékeré tí wọ́n fi àwọ̀n bò. Ènìyàn á gbé e mì, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á sì fà á jáde pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi rí àwọn tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Irú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n fi aró yẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ jíìnì wọn wò, ní abúlé Ili àti ti Atyrau, nígbà tí bàbá arúgbó ṣì ń jẹ ẹran ẹṣin rẹ̀ láìfi omi tì í.