Arò fún Ìsíákà, Ọmọ Balógun Ẹdẹ

Ọmọ Balógun Ràjí Àyọ̀ọlá Adélékè, ẹ ṣe sáré lọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2017, ni ikú mú yín, ẹni ọdún 62 péré. Ẹdẹ, ìlú Tìmì Àgbàlé, ni wọ́n sin yín sí. Ṣẹ̀rùbàwọ́n, bí a ti ń pè yín, wọlẹ̀ sùn! Ẹ̀rù wá ba àwa tó ṣẹ́kù.

Ilé òṣèlú lẹ ti jáde. Bàbá yín ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, kí ẹgbẹ́ UPN tó gbé wọn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní 1979. Ọjọ́ tí ọdún 1983 ń parí lọ ni sójà ti ilé náà pa.

Ẹ̀yin ni ará Ọ̀ṣun kọ́kọ́ fi ìbò yàn ní gómìnà. Oṣù Kìíní 1992 lẹ gorí àléfà. Oṣù Kọkànlá 1993 ni ọ̀gá sójà Abacha lé gbogbo gómìnà kúrò. Oṣù 22 àti ọjọ́ díẹ̀! Ta ló lè fi ìyẹn tọ́ ìpínlẹ̀ jòjòló dàgbà? Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Ìrèé àti ti Ẹ̀sà-Òkè tí ẹ dá sílẹ̀ kò bá ìjọba yín lọ. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ti kàwé níbẹ̀ jáde.

Ará Ìwọ̀-oòrùn Ọ̀ṣun rán yín lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá ní 2007. Wọ́n tún rán yín lọ ní 2015, ẹ wọlé jókòó ní oṣù Kẹfà. Mo ka oṣù náà títí dé ọjọ́ ikú yín, omi bọ́ lójú mi: oṣù 22 àti ọjọ́ díẹ̀ náà ni. Sójà gbà lọ́wọ́ bàbá, sójà gbà lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí sójà wá padà sí bárékè, ikú ò jẹ́ kí ẹ lo sáà kejì yín tán.

Adémọ́lá àbúrò yín wọlé ìbò àtúndì ní oṣù Keje ọdún náà, àga ò ṣófo. Àwa ṣì ń wá yín, Ìsíákà.

Bí ẹ bá fojú kan Balógun lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn mìíràn, Adémọ́lá, di gómìnà Ọ̀ṣun ní 2022, ó sì ti kọjá oṣù 22 lórí àléfà. Ẹ̀yin ni kò sí níbẹ̀ láti rí i.