Ohun tí Ọmọ Wa Kọ sí Ìwé Ìbéèrè Yunifásítì

Láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí wọn yóò máa kún fọ́ọ̀mù yunifásítì, tí àwọn òbí yóò sì dúró lẹ́yìn wọn tàánútàánú. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé òrìṣà wa níhìn-ín ní Houston. Ọmọ náà fún wa ní àyè láti sọ ọ́. Ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun, a ó sì pa àdéhùn náà mọ́.

Ọmọ ọdún 17 ni. Ọwọ́ wa ni ó dàgbà sí. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ó gba ọwọ́ Ifá kan. Ìṣirò ni ó fẹ́ràn jù, sáyẹ́ǹsì sì ni ó tẹ̀lé e. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jó lọ́jọ́ ọdún òrìṣà, òun a jókòó ti àwọn onílù, a máa ka iye ìgbà tí omele ń dún kí ìyá ìlù tó yí ohùn padà.

Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, olùkọ́ wọn kọ́ wọn ní ilé ìwé pé àmì méjì péré ni kọ̀ǹpútà ń lò, òdo àti ení, àti pé bí a bá to àmì mẹ́jọ tẹ̀lé ara wọn, ọ̀nà 256 ni a lè gbà tò wọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, kò tí ì kí wa tán tí ó fi béèrè pé, "Ìyá, odù Ifá mélòó ni ẹ sọ pé ó wà?" A ní 256 ni. Ó ní kí a jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ Bàbá awo.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Bí inú èso bá ṣí sókè, ìlà kan ni a ó tẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ sókè, ìlà méjì. Apá kan ṣoṣo lè já sí ọ̀nà 16, nítorí pé méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì ni. Bí a bá so apá méjèèjì pọ̀, 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni apá méjèèjì wọn bá ara mu, àwọn ni ojú odù. 240 tí ó kù ni àmúlù. Láti kékeré ni a ti ń pe iye yìí lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kò bi ara wa léèrè rí ìdí tí kò fi jẹ́ 250 tàbí 300. Ọmọ ọdún 11 ni ó bi wá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ kò ti tán mọ́. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 15, ó yíjú sí ẹ́ẹ̀rìndínlógún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo odù ni ó ní àǹfààní kan náà láti jáde nínú owó ẹyọ. Ó ṣírò ó lórí ìwé pé bí ojú méjèèjì ẹyọ bá dọ́gba, ọ̀nà 65,536 ni ẹyọ 16 lè gbà balẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni gbogbo ẹyọ yóò ti dé pátá, èyí tí í ṣe Ọ̀pìrà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 12,870 ni ẹyọ mẹ́jọ lè gbà ṣí, èyí tí í ṣe Èjì Ogbè. Lẹ́yìn náà ni ó ra owó ẹyọ ní ọjà, tí ó ń dà á sílẹ̀ ní alaalẹ́, tí ó sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé kan. Ìwé náà já a nírọ́. Ojú méjèèjì ẹyọ kò dọ́gba. Bí a ṣe gé ẹ̀yìn rẹ̀ sí ni yóò pinnu bí yóò ṣe máa ṣubú. Ó fa igi lé ìṣirò àkọ́kọ́, ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá awo gbọ́, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Ṣé òrìṣà ni ẹ ń kà bí owó ọjà báyìí?" Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹyọ tí mo rà lọ́jà ni. N kò fọwọ́ kan ti òrìṣà. Iye ìgbà tí odù kan lè jáde ni mo ń wá. Ẹni tí yóò jáde fún, àti ohun tí yóò bá a sọ, kò sí nínú ìwé mi." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó ní kí ó gbé ìwé náà wá kí òun rí i.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí títí tí àkókò fọ́ọ̀mù fi dé. Ẹ mọ̀ pé lórí Common App, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ àròkọ kan nípa ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá 650 ọ̀rọ̀. Ọmọ wa kọ ìtàn ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti owó ẹyọ. Ó gbé e fún olùdámọ̀ràn kan ní ilé ìwé rẹ̀. Ẹni náà kà á, ó yìn ín, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ ọ̀rọ̀ òrìṣà kúrò. Kí ó sọ pé eré ìbílẹ̀ kan ni òun ti kọ́ ìṣirò náà, kí ẹ̀rù má baà ba ẹni tí yóò kà á.

Ìyá ọmọ náà fara mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ni ó ń ṣiṣẹ́, abẹ́ aṣọ ni ó sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Kí wọ́n kọ́kọ́ gbà ọ́ wọlé ná. Òrìṣà mọ inú wa."

Àwọn àgbà ilé wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ní kí ó kọ ọ́ ní gbangba pé láti inú Ifá ni àwọn òyìnbó ti jí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà kó. A kò ní fi í pamọ́ fún yín: àwa náà wà lára àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀, a tilẹ̀ sọ ọ́ kíkankíkan. Ọmọ náà fi sùúrù gbọ́ wa tán. Ó ní Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò òdo àti ení ní ọdún 1703, àti pé àwọn àmì ìwé Yì Jīng ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó mẹ́nu bà nínú rẹ̀. Ó ní òun wá ibi tí ó ti mẹ́nu ba Ifá, òun kò rí i.

"Ìyá," ó ní, "ẹ má bínú. Ènìyàn méjì lè gbẹ́ kànga ní ibi méjì kí wọ́n sì kan omi. Bí mo bá kọ ohun tí n kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, irọ́ ni mo fi ń bu iyì kún Ifá. Ifá kò sì bẹ̀ mí ní irọ́."

Inú ilé dákẹ́. Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ti ń pa òwe yìí fún ọmọdé láti ìgbà pípẹ́, ó dé orí àwa àgbà ní ọjọ́ yẹn. Olùdámọ̀ràn ń sọ pé kí ó yọ díẹ̀ kúrò nínú òtítọ́, àwa ń sọ pé kí ó fi díẹ̀ kún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a pe òun àti ìyá rẹ̀ jókòó, a sì sọ ohun tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún wọn. Olórìṣà Ọ̀ṣun ni ìyá wa àgbà ní Òṣogbo. Kò wọ ilé ìwé ní ọjọ́ kan. Òun ni ó kọ́ wa ní ìṣirò. Ó kọ́ wa bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ: ogójì ẹyọ nínú okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ó fi hàn wá pé bí a bá pe márùndínláàádọ́ta, ogún mẹ́ta ni a mú, a yọ mẹ́wàá kúrò kí ó di àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Bí a ṣe wá fẹ́ràn nọ́ńbà nìyẹn, títí a fi kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì.

Ní ọdún 1989, nígbà tí àwa náà ń wá àyè sí yunifásítì ní Nàìjíríà, a kan ìlà kan lórí fọ́ọ̀mù tí ó béèrè ẹ̀sìn wa. A kọ Kìrìsìtẹ́nì síbẹ̀. Ìyá àgbà ní kí a ka ohun tí a kọ sí òun létí. A kà á láti òkè dé ilẹ̀, a sì fo ìlà kan náà. Kò bi wá ní ohunkóhun. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó re ibi àgbà ń rè, a kò sì tí ì jẹ́wọ́ fún un.

Ìyá ọmọ náà sunkún. A rán an létí pé ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìjọ Lukumí ti Hialeah ní Florida láre lòdì sí ìjọba ìlú náà, pé òfin dáàbò bo ẹ̀sìn wa bí ó ṣe dáàbò bo ti ẹlòmíràn. A rán an létí Wándé Abímbọ́lá, babaláwo tí ó ṣe olórí Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1982 sí 1989. A kò sọ fún un pé kò sí ewu. Ọmọ rẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà, kì í ṣe àwa. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Orúkọ rẹ ni ó wà lórí ìwé náà. Kọ ọ́ bí ó ṣe rí."

Ó kọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ó pe òrìṣà ní òrìṣà, ó pe ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Kò sọ pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ó parí rẹ̀ sí ni àṣìṣe rẹ̀: pé ẹyọ tí òun rà lọ́jà ni ó kọ́ òun pé ìṣirò tí ó dára lórí ìwé lè ṣàìbá ayé mu, àti pé ìdùnnú ọjọ́ náà ni òun fẹ́ máa lépa ní yunifásítì.

Kí ó tó fi ránṣẹ́, ó wá síwájú Ọ̀ṣun. A dá ẹ́ẹ̀rìndínlógún fún un, a ní kí ó bọ orí rẹ̀ pẹ̀lú obì àti omi tútù. Ó ṣe é. Ní alẹ́ náà ó padà sí ìdí ìwé rẹ̀, nítorí pé ó ní ìdánwò físíìsì ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹbọ a máa la ọ̀nà, kì í bá ènìyàn rìn ín.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, èsì dé. Yunifásítì tí ó wù ú jù kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, "A sọ fún yín, nítorí òrìṣà ni." Ọmọ náà ní wọn kò kọ ìdí kankan síbẹ̀, òun kò sì ní fi ẹyọ kan ṣoṣo ka odù. Ó sunkún ní ọjọ́ méjì, a kò dá a dúró. Yunifásítì ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ wa gbà á láti kọ́ ìṣirò àti físíìsì, wọ́n sì fún un ní owó ìrànwọ́. Ní oṣù Ògún ni yóò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí èsì dé, a bọ ìyá wa àgbà. Lẹ́yìn tí a da omi sílẹ̀ tán, a ka ìlà tí a fò ní ọdún 1989 sí i létí, a sì tọrọ àforíjì.

Nísinsìnyí, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá awo ń kó àwọn ọmọ kékeré ilé wa jọ pẹ̀lú owó ẹyọ tí a rà lọ́jà. Ó ń kọ́ wọn ní ogójì, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n dà á sílẹ̀ kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Ìwé ọmọ wa ni ó fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó fẹ́ràn ìbéèrè, kí ó mú un wá.

Kí orí àwọn ọmọ wa má ṣe gbàbọ̀dè fún wọn. Kí Ọ̀ṣun bá wa tọ́ wọn. Àṣẹ.