Oorun Ńkọ́?

Ẹni tó ní ibà, a ó fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ara yíyún ńkọ́? Ẹnu aláìsàn nìkan ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ohun tí a bá bi í ló máa sọ.

Lọ́dún 1994, Finlay àti Khan ní Cardiff gbé ìbéèrè 10 jáde fún àìsàn awọ ara. DLQI ni wọ́n ń pè é. Ó ń bèèrè nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ṣé ara yún ọ? Ṣé ojú tì ọ́? Ṣé ó dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí ọjà? Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 30. Bó bá ṣe ga tó ni ìnira ṣe pọ̀ tó.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àǹtí mi ní Ìbafọ̀, tí ara ti ń yún wọn láti ọdún tó kọjá. Wọ́n dáhùn tán, wọ́n ní: "Oorun ńkọ́? Kò síbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá mò ń sùn." Òótọ́ ni, kò sí i nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni wàhálà wọn: wọ́n á họ ara títí, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wọ́n ti gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì Èkó kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ItchyQoL, tó jáde ní 2008 fún ara yíyún nìkan, ní ìbéèrè 22. Oorun wà níbẹ̀, owó ìtọ́jú náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, bí aláìsàn bá ti Mọ́wè tàbí Ifọ̀ wá bá yín, ẹ má wo awọ ara nìkan. Ẹ bi í pé: báwo lẹ ṣe sùn lánàá? Kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.